Ẹ Kú Ooru

Ẹ kú ooru náà o.

Báyìí ni a máa ń kí ara wa bí ooru bá mú. A ó rẹ́rìn-ín, a ó sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ooru kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nìkan. Ooru lè pa ènìyàn.

Láti oṣù kejì títí dé oṣù kẹrin, kí òjò tó máa rọ̀ dáadáa, ni ooru máa ń mú jù nílẹ̀ wa. Nígbà mìíràn ó máa ń le lójijì. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́ kìlọ̀ fún wa ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, ní ìlú Kayes ní ilẹ̀ Mali, ooru dé ìwọ̀n 48.5. Bẹ́ẹ̀ ni ara ẹni tí kò ṣàìsàn kì í sábà ju nǹkan bí 37 lọ.

Ẹ wo àmù inú ilé. Omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tí omi inú rẹ̀ fi ń tutù. Bẹ́ẹ̀ náà ni òógùn ṣe ń mú ara wa tutù. Bí omi bá dín lára, òógùn kò ní tó. Bí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́, òógùn kò ní gbẹ. Ooru á wá há sínú ara.

Ní ọdún kan, bàbá àgbà kan ní agbo ilé wa ti oko dé lọ́sàn-án gangan. Ara wọn gbóná janjan, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò sì lórí kò nídìí. A ní, "Ibà ni." A fi aṣọ bò wọ́n, a ti fèrèsé, a gbé àgbo kaná. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé nítòsí ló sáré wọlé.

"Ẹ ká aṣọ yẹn kúrò lára Bàbá! Ooru ló mú wọn!"

A gbé wọn sábẹ́ igi. À ń da omi tútù sí wọn lára, à ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn, títí ọkọ̀ fi dé tó gbé wọn lọ sí ọsibítù. Orí yọ wọ́n. Bí a bá ti dúró de àgbo ni, ọ̀rọ̀ á bẹ́yìn yọ.

Nítorí náà, bí ara ẹnìkan bá gbóná gan-an nínú ooru, tí kò mọ ohun tó ń sọ mọ́, ẹ má fi aṣọ bò ó. Ẹ da omi sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíá. Bí ó bá ti dákú, ẹ má da omi sí i lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n kó má tilẹ̀ dé ibẹ̀ ló dára jù. Ẹ tètè lọ sí oko, kí ẹ sì padà kí oòrùn tó kan àtàrí. Ẹ máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Ẹ máa dáná ní kùtùkùtù, ní ìta. Lọ́sàn-án, ẹ ti fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Lálẹ́, ẹ ṣí gbogbo wọn sílẹ̀. Bí abẹ́ páànù bá gbóná jù, ẹ bọ́ sábẹ́ igi. Ẹni tó bá sùn sí ìta, kó ta àwọ̀n ẹ̀fọn.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má di ọmọ ní aṣọ mẹ́ta mẹ́rin. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ẹ máa fún un lọ́mú léraléra. Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a tì, ì báà ṣe ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn arúgbó náà ńkọ́? Òùngbẹ lè má gbẹ wọ́n bó ṣe yẹ. Ẹ gbé omi lọ bá wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá tún kí àgbàlagbà pé, "Ẹ kú ooru," ẹ fi èyí kún un: "Ṣé ẹ ti mu omi lónìí?"