Jẹjẹrẹ Ọmú àti Àgbo tí A Ń Mu ní Kọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa ní Enugu

Nígbà tí Akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àìsàn ọmú, mo bi í bóyá àwọn ọkùnrin yóò wà níbẹ̀. Ó ní wọn yóò wà. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ọkọ àti ẹ̀gbọ́n ọkọ ni ó sábà máa ń pinnu ibi tí a ó gbé aláìsàn lọ.

N kò wá láti bú àgbo o. Àgbo ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà kí n tó fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì jẹun. Bí mo bá sì sọ níhìn-ín pé àwa ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Enugu kò mu àgbo mọ́, ẹ ó fi mí rẹ́rìn-ín, nítorí gbogbo wa ni a mọ ohun tí ń bẹ nínú kẹ́ẹ̀gì tí àwọn awakọ̀ ń bá wa gbé bọ̀ láti Ìbàdàn àti Ìlọrin. Mímu tí a ń mu ún ní ìkọ̀kọ̀, tí dókítà kò mọ̀, ni ọ̀rọ̀ mi.

Obìnrin kan nínú wa gbà mí láàyè kí n sọ ìtàn rẹ̀, bí n kò bá ti dárúkọ rẹ̀. Wọ́n rí kókó ní ọmú rẹ̀, wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n sì sọ fún un pé jẹjẹrẹ ni. Ó fara balẹ̀, ó gbà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fa oògùn sí i lára ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, kí kókó náà lè dín kù kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, oúnjẹ kò sì gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń jìyà. Kí ni kí dókítà rò? Ó rò pé oògùn tí òun ń fà sí i ni, ó sì dá a dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá tí kò gba nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni kókó inú ọmú kò dúró dè é.

Ní ọjọ́ tí mo lọ kí i, mo fẹ́ fa àpótí jókòó, ẹsẹ̀ mi sì kọ lu kẹ́ẹ̀gì lábẹ́ ibùsùn. Mo bèèrè ohun tí ó jẹ́. Ó wolẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ni ó ń fi ránṣẹ́ láti ilé: ife kan ní òwúrọ̀, ife kan ní alẹ́, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́ nípa àìsàn náà. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé dókítà mọ̀?” Ó ní, “Kò bi mí.”

Ní ọjọ́ kejì a gbé kẹ́ẹ̀gì náà lọ bá dókítà. Ó bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúpẹ́ jù bí ó ti bínú lọ. Àgbo dúró, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ojú rẹ̀ mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn padà, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó ń bẹ láyé, ó sì ń tajà. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé àgbo nìkan ni ó ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé dókítà kò lè mọ ìdí àìsàn nígbà tí a fi ìdajì ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un.

“Kò bi mí” yìí kì í ṣe ti obìnrin yẹn nìkan. Ní ọdún 2007, Ezeome àti Anarado tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ọsibítù Yunifásítì Nàìjíríà ti Enugu wa níhìn-ín. Wọ́n bá 160 aláìsàn jẹjẹrẹ sọ̀rọ̀, ti ọmú àti ti ibòmíràn, ọkùnrin àti obìnrin. Nínú wọn, 104 ni ó ti lo nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ti ọsibítù: ewé àti egbò ni ó pọ̀ jù, ìwòsàn àdúrà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ètí erin àti òkúta dúdú àti àwọn tíì oríṣiríṣi. Kò sì ṣẹ̀yìn ìwé kíkà: ẹni tí ó kàwé àti ẹni tí kò kà, olówó àti tálákà, bákan náà ni wọ́n ṣe é. Ẹni 67 nínú 100 àwọn tí ó lò ó sọ pé àwọn kò rí àǹfààní kankan. Ju ẹni 20 lọ nínú 100 ni ó sọ pé ó tún dá nǹkan mìíràn sílẹ̀ sí àwọn lára. Ẹni 56 nínú 100 kò sọ fún dókítà wọn rárá, ìdí tí ó sì pọ̀ jù ni pé dókítà kò bèèrè. Mo fẹ́ kí àwọn dókítà náà gbọ́ èyí, nítorí ẹlòmíràn nínú wọn máa ń kanra mọ́ aláìsàn tó bẹ́ẹ̀ tí aláìsàn kò ní lè la ẹnu. Ṣùgbọ́n ara wa ni ó wà nínú ewu, kì í ṣe ara dókítà.

Ẹ ó ní, ṣùgbọ́n a ti rí ẹni tí àgbo mú kókó ọmú rẹ̀ lọ. Èmi náà ti rí i. Kì í ṣe gbogbo kókó ọmú ni jẹjẹrẹ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe é. Kókó kan wà tí ó máa ń wú bí nǹkan oṣù bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí ó sì ń lọ fúnra rẹ̀. Oówo ọmú wà tí ó máa ń mú abiyamọ. Ó ń gbóná, ó ń dunni, bí a bá sì fi nǹkan gbígbóná lé e ó lè tú. Ọ̀dọ́mọbìnrin lè ní èyí tí ó ń yọ̀ lábẹ́ ìka bí èkùrọ́, tí kò sì ní pa á lára. Bí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí bá mu àgbo tí ara rẹ̀ yá, àgbo ni yóò gba ìyìn, a ó sì máa pè é ní oògùn jẹjẹrẹ láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ọjà Ogbete. Àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ gan-an, tí wọ́n mu ún tí wọn kò yè, wọn kì í padà wá jẹ́rìí.

Jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti ń tanni. Obìnrin á ní kò dun òun, kò lè burú. Wọ́n á sín gbẹ́rẹ́ yí i ká, wọ́n á fi ìpara lé e, oṣù á máa gorí oṣù. Nígbà tí ó bá di egbò tí ó ń rùn, ìgbà náà ni wọ́n á tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí owó kì í ti í ṣe ìṣòro gbogbo ènìyàn, àwọn dókítà Yale tẹ ìwádìí kan jáde ní 2018 lórí àwọn tí ó kọ ìtọ́jú ọsibítù tí wọ́n yan oògùn mìíràn nìkan. Nínú àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ ọmú, ewu ikú àwọn wọ̀nyí ju ìlọ́po márùn-ún ti àwọn tí ó gba ìtọ́jú ọsibítù lọ.

Agbára tí ewé ní ni ó ń dẹ́rù bà mí. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí a ń fà sí aláìsàn ọmú lára, paclitaxel, inú èèpo igi kan tí ó ń hù ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí i. Wọ́n bó èèpo náà ní 1962. 1994 ni ìjọba wọn tó gbà kí a máa fi tọ́jú jẹjẹrẹ ọmú. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, wo ẹni tí ó lè pa àti ìwọ̀n tí ó lè wò sàn. Ta ni ó wọn ti inú kẹ́ẹ̀gì? Ẹ̀dọ̀ kan náà tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí àgbo ni ó ń ṣiṣẹ́ lórí oògùn ọsibítù. Oògùn oníhóró tí wọ́n ń pè ní tamoxifen, tí ẹlòmíràn nínú yín yóò máa lò fún ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀dọ̀ ni ó ń yí i padà kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà, oògùn tí a ń fà sára máa ń dín àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àgbo tí ó ti sùn mọ́jú, tàbí àgúnmu tí a sá sí etí títì, lè kó àìsàn tí ó lè pa ènìyàn wọ inú ara.

Ní ti àdúrà, ẹ gbà á. Kò bá oògùn jà. Ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje fún ẹni tí kò lè dìde ni n kò fọwọ́ sí, àti wòlíì tí ó ní kí a da oògùn nù.

Ó ku ohun kan tí ó kan àwa tí a wà ní ìdálẹ̀. Bí àìsàn bá dé, àwọn ará ilé á ní, “Ẹ gbé e wá sílé.” Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tí ó fi ìtọ́jú sílẹ̀ láàárín, tí ó lọ lo oṣù mẹ́jọ lọ́dọ̀ adáhunṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé ọsibítù ńlá wà ní Ituku-Ozalla, lójú ọ̀nà Port Harcourt, tí ọkọ̀ ń ná lójoojúmọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lọ sílé nítorí àtisinmi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ níhìn-ín, kí ó mú un lọ sí UCH Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ tí ó bá dé ilé.

Ìyá Ẹgbẹ́ ti gbà pé a ó máa yọ owó ọkọ̀ nínú àpò ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí ó bá ní kókó ní ọmú tí kò rí owó lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí n bá òun lọ, kí ó wá bá mi ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn bí ìpàdé bá tú. N kò ní bi í ní ohunkóhun lójú ènìyàn. Bí kẹ́ẹ̀gì bá sì wà nílé, kí ó gbé e dání.