Ẹ̀jẹ̀ Kan Náà, Ilẹ̀ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

  

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ọmọ Nàìjíríà tó ń jáde lónìí ní Johannesburg, ẹ̀kọ́ àbùdá àti ẹfolúṣọ̀n ló pa èmi àti púpọ̀ nínú yín pọ̀, òun náà ni n óò fi dágbére fún yín. Kò sí ìran tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sàn ju ti ìran mìíràn lọ. Ilẹ̀ tí a ń gbé ló ń pinnu púpọ̀ nínú ohun tí àbùdá ń ṣe fún wa.

Ẹ jẹ́ ká mú jẹnotáìpù AS. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS. Níbí, láàárín àwọn tó ń sọ Zulu àti Sotho, ẹ ó wá a tì. Bẹ́ẹ̀, ìbátan wa ni wọ́n: ìhà ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ni àwọn baba ńlá wọn ti ṣí, ní ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Kí ló fa ìyàtọ̀? Ẹ̀fọn ni. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú àbùdá tó ń ṣe hẹmoglóbìn. Ọmọ tó gba èyí tó yí padà náà lọ́wọ́ òbí kan péré, AS ni, ibà kì í sì tètè rí i pa. Onímọ̀ kan, Anthony Allison, ló fi ẹ̀rí èyí múlẹ̀ ní 1954, yunifásítì Witwatersrand nílùú yìí gan-an ló sì ti kàwé kó tó lọ sí Oxford.

Ní Ìbàdàn, níbi tí ẹ̀fọn kì í ti í lọ ìsinmi, ọmọ AS ń dàgbà, ó ń bí tirẹ̀, àbùdá náà sì ń tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n Johannesburg ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 1,700 mítà. Ẹ̀yin náà mọ bí òtútù oṣù kẹfà ṣe ń rí. Ẹ̀fọn oníbà kò ráyè gbé níbí. Níbi tí ibà kò bá sí, AS kò ní èrè kankan fún ẹni tó ní in, àbùdá náà á sì máa dín kù láti ìran dé ìran. Ẹnikẹ́ni kò jókòó ṣètò rẹ̀. Ẹfolúṣọ̀n nìyẹn, láàárín ẹbí kan ṣoṣo.

Àwọn baba wa náà rí ẹ̀gbẹ́ kejì àbùdá yìí, wọn ò kàn mọ ìdí ni. Ọmọ tó gbà á lọ́wọ́ bàbá àti ìyá, SS ni, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló sì ń ṣe é. Kí àyẹ̀wò jẹnotáìpù tó dé, ó dájú pé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní àbíkú. Wọ́n á sọ wọ́n ní Málọmọ́, Dúrósinmí, Kòsọ́kọ́. Bí ọmọ bá sì kú, wọ́n á fi abẹ sá òkú rẹ̀ lára. Títí di òní ni mo ń gbọ́ ọ: tọkọtaya AS bí SS kan, wọ́n á ní, “Ẹ ti san tiyín, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́.” Irọ́ ni! Bí ẹni ń da owó ẹyọ ni oyún rí: èyí tí a dà tẹ́lẹ̀ kò ní ohun tó ń sọ fún èyí tí a fẹ́ dà. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu SS nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ ìkínní, ì báà jẹ́ ìkẹfà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dákẹ́ bí wọ́n bá sọ ọ́ lójú yín.

Àbùdá mìíràn wà tó jẹ́ pé àkọsẹ̀bá lásán ló sọ ọ́ di púpọ̀. Dókítà Geoffrey Dean tọpa àrùn porphyria láàárín àwọn Afrikaner, ó tọ̀ ọ́ títí dé ọ̀dọ̀ Gerrit Jansz àti Ariaantje Jacobs, tí wọ́n ṣègbéyàwó ní Cape ní 1688. Àwọn tó tẹ ibẹ̀ dó kò tó nǹkan, ọmọ wọn sì pọ̀. Ohun tí ẹnì kan gbé wọ̀lú wá di ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Síbẹ̀, ní orílẹ̀-èdè yìí kan náà, ìjọba ṣe òfin ní 1950 pé kí wọ́n pín gbogbo ènìyàn sí ìran. Wọ́n á ti pẹ́ńsù bọ irun ọmọdé. Bó bá já bọ́, aláwọ̀ funfun ni. Bó bá há síbẹ̀, kì í ṣe funfun. Wọ́n pín ọmọ ìyá kan náà sí ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọdún 1991 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́. Inú mi kì í dùn bí mo bá ń kọ́ni ní apá yìí, torí pé irun tí wọ́n fi ń dájọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ nǹkan kan nípa ìyókù àbùdá ẹni. Onímọ̀ àbùdá Richard Lewontin ṣírò rẹ̀ ní 1972: nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 gbogbo ìyàtọ̀ àbùdá ọmọ ènìyàn, láàárín àwọn ará ìlú kan náà ló wà. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ ẹ̀gàn tí wọ́n ń pe àwa àlejò ní ìgboro níbí. Kí àwa náà má sì lọ sílé lọ máa fi “ẹ̀jẹ̀ wọn kò dáa” lé ọmọ olọ́mọ kúrò nídìí ìgbéyàwó.

Iṣẹ́ wà níwájú. Ní 2020, àwọn onímọ̀, tí àwọn kan nínú wọn wà ní Witwatersrand, tí Adébọ̀wálé Adéyẹmọ náà sì wà lára wọn, ka àbùdá ènìyàn 426 láti ẹ̀yà 50 nílẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n bá ìyàtọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀ rí. Ènìyàn 426 péré o! Ẹ̀yin tí ẹ ń padà sílé, a nílò yín ní yàrá àyẹ̀wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró ní ilé ìwòsàn níbí, SS kì í tètè wá sọ́kàn àwọn dókítà, torí pé wọn kì í sábà rí i. Bí ọmọ Nàìjíríà tàbí ọmọ Kóńgò bá ń ké egungun, egungun, ní wọ́ọ̀dù yín lóru, ẹ béèrè jẹnotáìpù rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ó ń díbọ́n.