Ọ̀nà Tuntun Wọ Kétu, Ta Ni Oníbodè Rẹ̀?

 

Wọ́n ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ayé òde òní: fóònù, WhatsApp, Facebook, zémìjàn àti gbogbo ohun tó ń sáré. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ìjókòó ọ̀sán kan lọ. Ibi tó ń ta wá lára jù nínú rẹ̀ la fẹ́ mú, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí à ń gbà lórí fóònù, tí a sì ń gbé fún ẹlòmíràn kí a tó mọ ibi tó ti wá.

Ìlú olódi ni Kétu. Kò sí ọmọ wa tí kò mọ Akaba Ìdéna, àlejò tó bá sì wá wo ìlú, ibẹ̀ la máa ń mú un lọ. Yàrà àti odi ni àwọn baba wa fi yí ìlú ká, wọ́n sì fi ẹnu-bodè sí i. Iṣẹ́ oníbodè kì í ṣe kí ó máa lé èèyàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó béèrè. Ta ni ìwọ? Ibo lo ti ń bọ̀? Kí ló wà nínú ẹrù rẹ? Ẹni tó bá dáhùn dáadáa, á wọlé, á ná ọjà rẹ̀.

Lónìí, ọ̀rọ̀ kì í gba Ìdéna wọlé mọ́. Inú àpò ṣòkòtò ló ń gbà, tàbí ibi tí ìyá wa so fóònù mọ́ etí ìró. Ó lè dé ní aago méjì òru. Kò sí ẹni tó ń bi í ní nǹkan kan.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A kò sí lára àwọn tó ń pariwo pé fóònù ló ba ayé jẹ́. Ọmọ Kétu ló yẹ kó mọ oore fóònù ju ẹlòmíràn lọ, nítorí ohun tójú wa ti rí. Ní 1886 ni ogun Dàhòmì fọ́ ìlú yìí, tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú. Ní August 1889, nígbà tí ìlú ṣì wà ní ahoro, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Yúróòpù, wọ́n fa ìlà tó wá fi Kétu sọ́wọ́ Faransé, tó fi Ìmẹ̀kọ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wò ó, ká tilẹ̀ ní wọ́n fẹ́ bi wá léèrè, ta ni wọn ìbá bá nílé? Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn baba wa tó padà wá tún ìlú kọ́. Wọ́n dé, wọ́n bá ààlà nílẹ̀.

Ààlà yẹn ṣì ń dà wá láàmú. Ní August 2019, Nàìjíríà ti ẹnu-bodè ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i ní December 2020, mẹ́rin péré ni wọ́n dárúkọ. Sẹ̀mẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀nà tiwa tó gba Ìlárá kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin tó ń kó ọjà kọjá mọ ohun tójú yín rí. Ní gbogbo àkókò yẹn, fóònù la fi ń kí ẹ̀gbọ́n wa ní Ìmẹ̀kọ kú ọdún. Fóònù la fi gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ, òun náà la fi bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn. Níhìn-ín náà, ọmọ tó wà ní Kútọ́nù tàbí Àjàṣẹ́ ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sílé lórí MoMo, kò sì sí ẹni tó wọ ọkọ̀ tìtorí rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi dun àwọn èèyàn nígbà tí ìjọba fẹ́ gba owó-orí lórí rẹ̀. Ní September 2018, wọ́n ní fránkì 5 ni lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá lò lórí Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ kígbe. Orí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n ti kígbe, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí owó náà bẹ̀rẹ̀ tí ìjọba fi wọ́gi lé e. Ohun tó lè gbé ohùn ọmọ kékeré dé ọ̀dọ̀ ààrẹ kì í ṣe ohun ìṣeré.

Kí wá ló ń dùn wá?

Wọ́n á ní baba kan kú, baba náà sì ń jẹ ọkà lọ́wọ́ nílé rẹ̀. Àwòrán jàǹbá ọkọ̀ tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ ibòmíràn, lọ́dún mìíràn, wọ́n á ní ọ̀nà Pobẹ̀ ni, àárọ̀ yìí ni. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà á ká ọwọ́ lérí. Ohùn ẹni tí a kò mọ̀ á ní ìjọba ń pín owó, kí o tẹ nọ́ńbà báyìí, kí o fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ MoMo rẹ sí i. Àwọn gáímàn ló wà nídìí ìyẹn. Wọ́n á tún pe ìyá oníṣòwò lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kún: “Màmá, mo ṣèèṣì fi owó sórí fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a padà.” Màmá á wo iṣẹ́ tó wọlé, ó jọ ti ilé-iṣẹ́ owó, àánú á ṣe é, á dá owó padà. Owó ọjà ara rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ o. Kò sí kọ́bọ̀ tó wọlé tẹ́lẹ̀.

Èyí tó wúwo jù lọ́kàn wa ni ti ilẹ̀. Láti 2013 ni orílẹ̀-èdè yìí ti ní òfin ilẹ̀ tuntun, tó fẹ́ kí ìwé jẹ́ ẹ̀rí. Ilẹ̀ tí baba fi lé ọmọ lọ́wọ́ lójú ẹbí, láìsí ìwé, ó di ohun tí à ń wá ìwé sí. Òfin náà kò burú látòkè délẹ̀, torí ó lè gba ọmọ òrukàn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀pọ̀ baba wa kò sì lè kà á. Ibẹ̀ ni ohùn kan á ti wọlé lórí WhatsApp: ẹni tí kò bá ní ìwé títí ìparí oṣù, ìjọba á gba ilẹ̀ rẹ̀. Àyà baba á já. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan á yọjú, á ní òun mọ ọ̀nà, òun á bá a ṣe ìwé, kí ó sáà gé abala kan tà fi san owó iṣẹ́. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Ohùn orí fóònù yẹn, wọ́n lè pa á rẹ́ lọ́la, a ò ní rí i mọ́. Ìwé tí baba tẹ ìka sí kò ní parẹ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ á bá a nílẹ̀.

Ta ló gbé ohùn náà dé ọ̀dọ̀ baba? Kì í ṣe ọ̀tá. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ni, tó fẹ́ràn rẹ̀, tó ní kí baba tètè mọ̀.

Òfin wà fún irú èyí, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Ìwé òfin lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ gbé jáde ní April 2018, ẹ wo abala 550. Ẹni tó dá irọ́ sílẹ̀ mọ́ ẹnì kan lórí rẹ̀, àti ẹni tó gba irọ́ náà tó tún gbé e fún ẹlòmíràn, àwọn méjèèjì ni òfin mú: ẹ̀wọ̀n oṣù 1 sí oṣù 6, pẹ̀lú owó ìtanràn láti 500.000 dé 1.000.000 fránkì. “Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́, mo kàn fi ránṣẹ́ ni” kì í ṣe àwíjàre. Ẹ̀yin zémìjàn, ẹ ṣírò 500.000 yẹn wò, kò jìnnà sí owó alùpùpù.

A ó sọ ìdà kejì rẹ̀ náà, torí a kò wá síbí láti bá ìjọba pọ́n òfin. Ẹnu òfin yẹn fẹ̀ jù. Ní December 2019, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù 18 fún oníròyìn Ignace Sossou nítorí ọ̀rọ̀ tó gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ tó ní agbẹjọ́rò ìjọba ló sọ ọ́ níbi ìpàdé kan. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín in kù, June 2020 ló tó jáde. Tí òfin bá lè gbé oníròyìn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ mì, kí ni yóò ṣe fún ọmọ Kétu tí kò ní lọ́yà? Nítorí náà, kò yẹ kí a máa dúró de ọlọ́pàá kó wá bá wa tọ́jú ẹnu wa. Ilé ló yẹ kí a ti tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yà sọ́dọ̀ àwọn zémìjàn díẹ̀. Àwọn Fọ̀n ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn: gbé mi kíákíá. WhatsApp náà, zémìjàn ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n zémìjàn gidi gbọ́n jù wá lọ, torí kì í gbé gbogbo ẹrù. Á bi ọ́ pé ibo lò ń lọ, á wo àpò rẹ, tí kò bá dá a lójú á ní òun ò lọ, á sì wá ẹlòmíràn gbé. Ó mọ̀ pé bí ọlọ́pàá bá dá òun dúró, ẹrù ẹlẹ́rù á di ẹrù òun. Àwọn náà ló tún mọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe wúwo tó. Ọ̀rọ̀ kan tí ààrẹ Nàìjíríà sọ ní Abuja ní May 29, 2023, pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò pẹ́ tó fi wọ inú ìgò kpayo lẹ́bàá ọ̀nà wa. (Ní Kútọ́nù, àwọn kan ti ń gun alùpùpù oníbátìrì, tí wọ́n ń pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ bí ẹni pààrọ̀ ìgò. Tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, a ò ní lé e.) Ẹ̀bẹ̀ kan péré la ní sí yín: ẹ má fi ọwọ́ kan wa alùpùpù kí ẹ fi èkejì gbé fóònù sétí, pàápàá tí ẹ bá gbé ọmọ iléèwé. Kòtó àwọn ọ̀nà wa nìkan ti tó yín ṣiṣẹ́.

Ohun tí a wá béèrè lọ́wọ́ ìjókòó yìí nìyí.

Kí ẹgbẹ́ ní ohùn kan. Ìkéde ẹgbẹ́ yóò máa jáde láti ẹnu ẹni tí gbogbo wa mọ̀, yóò dárúkọ ara rẹ̀, yóò dárúkọ ọjọ́, yóò sọ ọ́ ní èdè Kétu. Ohùn la fẹ́, kì í ṣe ìwé nìkan, torí gbogbo wa kọ́ ló ń ka Faransé. Ẹni tó tilẹ̀ kọ́ Yorùbá kíkọ níhìn-ín ń kọ ɛ àti ɔ, àwọn èèyàn wa ní Ìmẹ̀kọ ń kọ ẹ àti ọ, bí ẹni pé ààlà tún dé orí lẹ́tà. Ohùn kò ní wàhálà yẹn.

Ọ̀rọ̀ ikú, kí ẹnikẹ́ni má gbé e kí olórí ẹbí tó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ oyè, kí a gbọ́ ọ láti ààfin. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kí a kọ́kọ́ mú un lọ bá baálé, kí baálé àti ọmọ ẹgbẹ́ kan jọ lọ bi wọ́n ní mẹ́rì, kí kọ́bọ̀ kan tó jáde, kí ìka kankan tó kan ìwé. Lọ́jọ́ ọjà, kí ọ̀dọ́ méjì tó mọ ìwé jókòó lẹ́bàá ọjà láti àárọ̀ dé ọ̀sán, kí wọ́n máa ka ìwé ìjọba àti iṣẹ́ orí fóònù fún àwọn àgbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá sì gbé irọ́, a kò ní kí ó san owó. Inú ẹgbẹ́ WhatsApp tó gbé e sí náà ni kí ó padà sí, kí ó fi ohùn ara rẹ̀ sọ pé irọ́ ni. Ojú á tì í, ó sì tó.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ti sọ fún wa kí a tó wọlé pé àwọn àgbà fẹ́ pa àwọn lẹ́nu mọ́ ni. A gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a sòótọ́ o: nínú àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp tí a wà, àwọn tí irun wọn ti funfun ló ń gbé ọ̀rọ̀ kiri jù, pẹ̀lú àdúrà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òfin yìí kò mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà.

Ó sì kan ààfin pẹ̀lú. Kábíyèsí, ẹ̀yin ìjòyè, ìdọ̀bálẹ̀ la fi ń sọ èyí. Tí ọ̀rọ̀ ńlá bá ṣẹlẹ̀, tí ààfin bá dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn tó ń pa irọ́ á ti sọ tiwọn ní ọgbọ̀n ọ̀nà. A kò lè ní kí ọmọ ìlú pa ẹnu mọ́ nígbà tí kò sí ẹni tó bá a sọ òótọ́. Ohun tí a ń tọrọ ni pé kí ìjòyè kan gba iṣẹ́ yìí, kí ó máa sọ ohun tí ààfin mọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìbáà ṣe pé kí ó kàn sọ pé, “Ọ̀rọ̀ ti dé etí wa, ẹ fún wa di ọ̀la.” Tí a bá rí ìyẹn gbà, àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn á gba èyí tó kù.

Akọ̀wé ti ní ìwé lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ jókòó lẹ́bàá ọjà, kí wọ́n fún un lórúkọ kí wọ́n tó lọ. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ la fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ti ìjòyè tó máa jẹ́ ohùn ààfin, a ń retí ohun tí Kábíyèsí bá sọ.