Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Irin ní Ilé-ìwé

Ní 1982 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò 6-3-3-4, kí ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì lè kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ìwé. Wọ́n ra ẹ̀rọ láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n ní ilé-ìwé púpọ̀, kò sí iná, kò sí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ẹ̀rọ wà nínú àpótí, ó ń dípẹtà.

Ní ilé àgbẹ̀dẹ ńkọ́? Ọmọ ń fẹ́ ẹwìrì, ó ń di ẹ̀mú mú. Ọwọ́ ni ó fi ń kọ́ ọ. Ìwé a sì kọ́ ọ bí a ti ń wọn irin kí a tó gé e.

Ẹ má pe ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ irin ní olódo. Ẹ bi í pé: “Kí ni o fi ọwọ́ rẹ ṣe lónìí?” Bí kò bá rí nǹkan sọ, ẹ jẹ́ kí a jọ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀.