Ẹ Máa Bi Ìwé Léèrè Ọ̀rọ̀

 Ẹ ti ka Ìwé Kìíní tán, ẹ ti ka Ìwé Kejì. Ẹ lè kọ orúkọ yín, ẹ lè ka lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jẹ mọ́ àwọn ọmọ yín tí ó wà ní Yunifásítì, ṣùgbọ́n ó kan ẹ̀yin náà.

Àwọn òbí a máa wí fún wa pé, "Ọmọ aládùúgbò wa ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ìwé àtijọ́ ni ọmọ tèmi ń kà, ọdún mẹ́rin gbáko! Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?" A kì í bá wọn jà. Owó ilé-ìwé kì í ṣe owó kékeré. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ọmọ náà ń ṣe gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìwé kan ṣe àpẹẹrẹ. Àlùfáà Samuel Johnson, tí a bí ní ilẹ̀ Sàró ní ọdún 1846, kọ ìwé ìtàn àwa Yorùbá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó parí rẹ̀ ní ọdún 1897. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó láti tẹ̀ ẹ́, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní ọdún 1901, kò fi ojú kan ìwé náà. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó sì tún ìwé náà kọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 1916, wọ́n fi í sínú ọkọ̀ ojú omi kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Appam. Ogun ńlá wà lóde nígbà náà. Àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà! Ó tó bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́. Ọdún 1921 ni ó jáde. Obadiah pàápàá ti kú ní ọdún 1920.

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣí irú ìwé yìí, kì í kà á bí ẹni ń gbọ́ àlọ́. Ńṣe ni ó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni.

Èkíní: Ta ni ó kọ ọ́? Níbo ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n parí sí, níbo ni ti àbúrò ti bẹ̀rẹ̀?

Èkejì: Ta ni ó sọ fún un? Johnson wí pé ọ̀dọ̀ àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ni òun ti gbọ́ ìtàn ìgbà láéláé. Ó dárúkọ àwọn àgbà mìíràn, bí i Lágùnjú, Tìmì Ẹdẹ. Arọ́kin ọba Ọ̀yọ́ kò lè ṣe kí ó má gbé Ọ̀yọ́ ga. Ààfin ni ó ti ń jẹun. Nítorí náà ni ìtàn Ọ̀yọ́ ṣe gba àyè jù nínú ìwé náà.

Ẹ̀kẹta: Kí ni ẹlòmíràn wí? Johnson kọ ìtàn tí ó gbọ́ pé láti Mẹ́kà ni Odùduwà ti wá, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ gbà á gbọ́ tán. Ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n ní ó fi ẹ̀wọ̀n sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run ni. Akẹ́kọ̀ọ́ a gbé méjèèjì kalẹ̀, a wò wọ́n. A tún wá àwọn ìwé àtijọ́ mìíràn lọ, bí irú èyí tí ìjọba kó pamọ́ sínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

Iṣẹ́ nìyẹn o. Ó ń kọ́ bí a ti í ya "wọ́n ní" sọ́tọ̀ kúrò lára "ó dájú." Adájọ́ nílò ọgbọ́n yìí, akọ̀ròyìn nílò rẹ̀, ẹ̀yin náà nílò rẹ̀. Ẹ mọ ìyà tí ó jẹ àwọn tí wọ́n tẹ̀ka sí ìwé tí wọn kò lè kà, tí oko bàbá wọn sì lọ. Nísinsìnyí, ẹ lè kà. Ṣùgbọ́n ìwé a máa purọ́ bí ènìyàn, nítorí ènìyàn ni ó kọ ọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí wọ́n bá gbé ìwé ilẹ̀ wá, tàbí bí ìròyìn kan bá dé sórí fóònù yín, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Àwọn arọ́kin ìgbà Johnson ti kú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò bá wọn lọ, nítorí pé ẹnì kan jókòó tì wọ́n, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àgbà wà nínú ilé tiyín náà. Bí ọmọ yín bá ti Yunifásítì dé pẹ̀lú bírò àti ìwé, tí ó ń bèèrè ìtàn ìdílé, ẹ má lé e. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe. Bí kò bá sì sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ̀yin fúnra yín ti mọ̀ ọ́n kọ.

Kí a tó tún pàdé, kí olúkúlùkù yín lọ bá àgbà kan. Ẹ kọ ohun tí ó bá sọ, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí ẹ fi ọ̀kan pamọ́. Bí kì í bá ṣe àkọsílẹ̀ tí Johnson fi sílẹ̀ nílé ni, kí ni àbúrò rẹ̀ ìbá rí tún kọ?