Ọmọ Jẹ́ Amánà Lọ́wọ́ Òbí



Nínú Sūratun-Nūr, āyah 58, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí ọmọ tí kò tíì bàlágà pàápàá máa tọrọ ààyè kí ó tó wọlé tọ̀ wá ní ìgbà mẹ́ta: ṣáájú ìrun Àsùbá, ní ọ̀sán tí a bọ́ aṣọ, àti lẹ́yìn ìrun Iṣái. Bí ọmọdé bá gbọdọ̀ ṣọ́ ìhòòhò àgbà, ǹjẹ́ àgbà kò gbọdọ̀ ṣọ́ ti ọmọdé?

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ní Rigasa tí kò jìnnà sí Mando wa yìí, ọlọ́pàá tú àwọn tó lé ní 300 sílẹ̀ nínú ilé kan tí a ń pè ní ilé-kéwú. Ọmọdé wà nínú wọn. Òbí àti ẹbí ló fa púpọ̀ nínú wọn kalẹ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́ ọmọ yín pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìhòòhò rẹ̀, ìbáà ṣe àáfà, ìbáà ṣe ẹbí. Ẹni tó bá ní “má sọ fún ìyá rẹ,” ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni kí ó sọ. Bí ó bá sì sọ, ẹ gbọ́ ọ; ẹ má nà án, ẹ má fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀.

Kí Ọlọ́hun dáàbò bo àwọn ọmọ wa. Āmīn.