Ibi Tí Aró Kò Dé

Tí mo bá bi yín pé kí ni a ń fi pákí ṣe, mo mọ̀ pé gàrí Ìjẹ̀bú ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí yín lẹ́nu. Fùfú á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà lááfún. Lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ kí a fi àwòrán kún un. Obìnrin kan wà tó ti Yúróòpù wá, tó fi ẹ̀kọ lááfún ya àwòrán tó lókìkí káàkiri ayé.

Ẹ̀yin tí ìyá yín àgbà jẹ́ aládìrẹ mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ, ṣùgbọ́n nítorí àwọn ọmọdé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Wọn a ro lááfún bí ẹ̀kọ, wọn a fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sára aṣọ funfun. Tó bá ti gbẹ, ó di inú ìkòkò aró. Nígbà tí aṣọ náà bá kọ́kọ́ jáde, ó máa ń rí bí ewé tútù. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró lójú wa. Wọn a tún tì í bọ ìkòkò, wọn a tún yọ ọ́, títí yóò fi dúdú tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ìgbà náà ni wọn yóò tó ha ẹ̀kọ kúrò. Ibi tí ẹ̀kọ bò, aró kò dé ibẹ̀; ibẹ̀ gan-an ni ọnà ti ń yọ. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ nìyẹn.

Obìnrin tí mò ń sọ ni Susanne Wenger, tí àwa Yorùbá sọ ní Àdùnní Olórìṣà. Ìlú Graz ní ilẹ̀ Ọ́stríà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1915. Ó kọ́ àwòrán yíyà ní Vienna, lábẹ́ Herbert Boeckl. Nígbà ogun Hitler, ohun tó ń rí lójú àlá ló ń yà sórí ìwé: ara tó na gùn ju ti ènìyàn lọ, ẹranko tó di ènìyàn, ojú ràgàjì tó ń wò wá. Ayàwòrán ìgbàlódé pọ́ńbélé ni kó tó mọ̀ pé ìlú kan ń jẹ́ Ìbàdàn. Ọdún 1950 ló bá ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, dé síbẹ̀, nígbà tí ọkọ náà ríṣẹ́ sí yunifásítì tó wà níbẹ̀.

Kò pẹ́ tó dé ni ikọ́ ẹ̀gbẹ gbé e dè. Ní Ẹdẹ, ó bá Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, pàdé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì ti wọ inú ẹ̀sìn òrìṣà. Ó wá kọ́ iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó fi iṣẹ́ náà ṣe. Àdìrẹ tí a mọ̀, bí Ìbàdàn-dùn tó ní òpó Gbọ̀ngàn Mápó lára, ojú igun mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n máa ń pín aṣọ sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọnà tirẹ̀. Àdùnní fọ́ àwọn igun náà. Ìtàn òrìṣà kan ṣoṣo lè gba odindi aṣọ ńlá láti etí dé etí, ọwọ́ á na, ojú á ràn, ènìyàn á lọ́ mọ́ ẹranko. Ẹ̀kọ àti aró jẹ́ tiwa, ìtàn náà tiwa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń fa ìlà yẹn, Vienna ló ti wá.

Àwọn kan bínú sí i o: kí ló kan òyìnbó nínú ọ̀rọ̀ òrìṣà? Ìbéèrè gidi ni. Ìkòkò aró ni mo fi ń dá a lóhùn. Aṣọ tí a rì lẹ́ẹ̀kan kì í dúdú. Àdùnní kò wá fi ọ̀sẹ̀ méjì wo ọdún Ọ̀ṣun kó sì padà sílé. Ó tọ́ àwọn ọmọ tó gbà tọ́ níbí. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà wa bí Adébísí Àkànjí àti Kàsálì Àkàngbé jọ tún Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ṣe, igbó tí UNESCO fi sí ara àwọn ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Nígbà tó kú ní Òṣogbo ní oṣù kìíní ọdún 2009, ó ti tó ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta tó ti ń wọ inú ìkòkò yẹn.

Ará ilé wa náà ti rin ìrìn yìí ṣáájú rẹ̀, láti òdìkejì. Àìná Ọnàbólú, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí lọ́dún 1882, ń ṣiṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní Èkó, ó sì ń wo àwòrán inú ìwé òyìnbó kọ́ ara rẹ̀. Àwọn òyìnbó kan nígbà náà ń sọ pé ènìyàn dúdú kò lè ya irú rẹ̀. Ní 1920, ó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó gba ìwé ẹ̀rí nínú àwòrán yíyà ní 1922, ó sì padà wá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Èkó. Ọ̀dà àti ọgbọ́n òyìnbó ló lò, ṣùgbọ́n àwọn ará Èkó tó yà jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹni iyì, kò sí ẹni tó fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ibi tí ó fi ẹ̀kọ bò nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, àṣà méjì kì í pàdé bí ẹni da gàrí àti ṣúgà pọ̀ sínú abọ́. Ẹni tó fẹ́ pa wọ́n pọ̀ ní láti mọ ohun tí yóò bò, kó sì gbà kí ìyókù wọ aró, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, títí lọ. Tí ẹ bá délé lálẹ́ yìí, ẹ ṣí àpótí ìyá àgbà, ẹ na àdìrẹ kan sójú iná. Ẹ má tíì wo àwọ̀ aró rẹ̀. Ibi tó funfun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ sì bi ìyá àgbà léèrè orúkọ ọnà náà kí wọ́n tó gbàgbé.